Ìṣirò Epo Inú Ìkòkò Wa

Ẹ̀kọ́ ìṣirò ni ti ọ̀tẹ̀ yìí; ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sá.

Nígbà tí dókítà sọ fún mi pé mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru, tí orúnkún kò sì jẹ́ kí n lè dìde mọ́ bí mo bá kúnlẹ̀, ó ní kí n dín oúnjẹ kù. Mo ní, "Dókítà, n kì í jẹun púpọ̀." N kò mọ̀ pé irọ́ ni mò ń pa. Ó ní kí n ra ìwé kan, kí n máa kọ gbogbo ohun tó bá kan ẹnu mi sínú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan.

Kálórì ni a fi ń wọn agbára tó wà nínú oúnjẹ. Ara ń lo agbára yìí láti mí, láti rìn, láti ṣiṣẹ́, kódà bí a bá ń sùn. Èyí tí ara kò bá lò nínú ohun tí a jẹ, ọ̀rá ni yóò sọ ọ́ dà, yóò sì kó o pamọ́. Bí ohun tí à ń jẹ bá kéré díẹ̀ sí ohun tí ara ń lò, ara yóò máa bù nínú ọ̀rá náà, a ó sì máa fúyẹ́. Kò sí àgbo tó lè ṣe ìyọkúrò yìí fún wa o, ohun yòówù kí àwọn tó ń tà á nínú bọ́ọ̀sì máa wí. Obìnrin tó ti lé ní 60 ọdún, tí kì í ṣe iṣẹ́ agbára, a máa lo nǹkan bí 1,600 kálórì lójúmọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ìkòkò ẹ̀fọ́. Ojú ni mo fi ń wọn epo tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ fi ṣíbí ìjẹun ńlá wọ̀n ọ́n, ṣíbí 12 ni! Ṣíbí epo kan ní nǹkan bí 120 kálórì, ìbáà ṣe epo pupa, ìbáà ṣe òróró. 120 lọ́nà 12 jẹ́ 1,440. Àwo mẹ́fà ni mò ń bù nínú ìkòkò náà, nítorí náà 240 ló kan àwo kọ̀ọ̀kan láti inú epo nìkan, kí a tó ka ẹran, kí a tó ka ẹ̀bà. Ewé ẹ̀fọ́ fúnra rẹ̀ kò ní tó nǹkan. Ṣíbí 5 ni mò ń lò báyìí, 100 ló sì ń kan àwo kan. Baálé mi kò fura títí mo fi sọ fún un.

Ní ti gàrí, kí a wọ̀n ọ́n kí a tó tẹ̀ ẹ́, nítorí omi ló ń mú ẹ̀bà wú. Gàrí gbígbẹ gíráàmù 100 ní nǹkan bí 350. Mínírà ìgò ńlá kan tí à ń mu nípàdé, tí a kì í kà sí oúnjẹ, lè tó 200.

Ohun tó tì mí lójú jù nínú ìwé mi ni àjẹkù àwọn ọmọ-ọmọ mi. Mo ń jẹ ẹ́ kí ó má bàa ṣòfò!

Ẹ má febi pa ara yín. Bí a bá dín 300 kù lójúmọ́, nǹkan bí kílò kan lè kúrò lóṣù ní ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà yóò máa falẹ̀, nítorí ara tó ti fúyẹ́ kì í lo agbára tó ti tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń jáwọ́. Kílò mẹ́fà ló kúrò lára mi ní oṣù mẹ́jọ. Mo ṣì ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣùgbọ́n mo ń kúnlẹ̀, mo sì ń dìde.

Ẹni tó bá ń lo oògùn tàbí abẹ́rẹ́ ìtọ̀ ṣúgà, kí ó kọ́kọ́ rí dókítà rẹ̀ kí ó tó dín oúnjẹ kù, nítorí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ lè lọ sílẹ̀ jù, kí èèyàn sì dákú.

Iṣẹ́ àṣetiléwá: Lọ́jọ́ tí ẹ bá tún fẹ́ se ọbẹ̀, ẹ fi ṣíbí wọn epo, ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀, ẹ sì pín in fún iye àwo. Ẹ mú ìwé yín wá sípàdé tó ń bọ̀. N óò mú tèmi náà wá.