ÌDÁNWÒ ỌLỌ́JỌ́ PÍPẸ́: Àwọn Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Ìdánwò àti Ìgbéjáde Eré Àjùmọ̀ṣe Orí Íntánẹ́ẹ̀tì

1. Ìfáárà

Ní Ojota, tí ó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Kosofe ní Ìpínlẹ̀ Èkó, kò ṣòro láti rí ṣọ́ọ̀bù kékeré tí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán méjì tàbí mẹ́ta wà nínú rẹ̀, tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń san owó kí wọ́n lè gbá bọ́ọ̀lù orí ẹ̀rọ. Àwọn mìíràn a máa ṣe irú eré bẹ́ẹ̀ lórí fóònù nígbà tí wọ́n bá ń dúró de ọkọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà Ìkòròdú. Eré tí ẹnì kan lè dá ṣe wà nínú wọn. Ṣùgbọ́n èyí tí àlàyé yìí dá lé lórí ni eré tí ẹni tí ó wà ní Ojota lè bá ẹni tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Johannesburg ṣe ní àkókò kan náà. Orúkọ tí ó yẹ irú eré bẹ́ẹ̀ ni eré àjùmọ̀ṣe orí íntánẹ́ẹ̀tì.

Kí irú eré yìí tó dé ọwọ́ gbogbo ènìyàn, wọ́n a máa dán an wò fún oṣù púpọ̀, nígbà mìíràn fún ọdún púpọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n dá fún ìgbéjáde rẹ̀ a sì máa yẹ̀ léraléra. Àwọn tí ń retí rẹ̀ a máa bínú, pàápàá àwọn tí wọ́n ti san owó sílẹ̀. Púpọ̀ nínú ìbínú yìí ni ó ti ibi kan wá: àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń kéde ìdánwò náà kò yé ẹni tí wọ́n ń kéde rẹ̀ fún. Iṣẹ́ àlàyé yìí ni láti fi ohun tí ń ṣẹlẹ̀ hàn, àti láti dábàá àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá tí yóò sọ òtítọ́ fún ẹni tí yóò náwó lé e.

2. Ọ̀rọ̀ tí ń ṣini lọ́nà

Àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà pín ìdánwò sí ìpele méjì, wọ́n sì fi lẹ́tà méjì àkọ́kọ́ nínú álífábẹ́ẹ̀tì àwọn Gíríìkì pè wọ́n, èyíinì ni álfà àti bẹ́tà. Bí a bá kàn fi ìró Yorùbá kọ ọ̀rọ̀ méjèèjì sílẹ̀, ìdààmú méjì ni yóò tẹ̀ lé e. Èkíní ni pé álfà sún mọ́ orúkọ tí à ń pe àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn Ìsìláàmù jù. Èkejì burú ju èyí lọ. Ní Èkó, tọmọdé tàgbà ni ó gbọ́ èdè pijin. Nínú èdè náà, ohun tí ó dára, tàbí tí ó sàn ju òmíràn lọ, ni beta. Nígbà tí ọ̀dọ́ kan ní Ojota bá rí i lójú fóònù rẹ̀ pé eré kan wà ní bẹ́tà, ó rọrùn kí ó rò pé èyí tí ó sàn jù ni wọ́n gbé fún òun. Òdìkejì rẹ̀ gan-an ni òtítọ́: èyí tí kò tíì pé ni.

Nínú Yorùbá, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni ó wà nítòsí. Àyẹ̀wò jẹ́ ọ̀rọ̀ ilé-ìwòsàn lónìí; ó fi hàn pé ẹnì kan tí ó mọ iṣẹ́ ni ó ń wo nǹkan. Ìtọ́wò jẹ́ ti ilé ìdáná. Ẹni tí ń se ọbẹ̀ a tọ́ ọ wò kí ó lè mọ̀ bí iyọ̀ bá tó, ṣùgbọ́n ẹnu ẹnì kan ni, kì í sì í pẹ́. Ìdánwò ni ó kù. Òtítọ́ ni pé ilé-ìwé àti ilé ìjọsìn ti sọ ọ́ di tiwọn. Síbẹ̀, ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà kò yí padà. Láti dán nǹkan wò ni láti lò ó kí a lè mọ agbára àti àléébù rẹ̀. Nítorí náà ìdánwò ni ó yẹ kí ó jẹ́ olórí ọ̀rọ̀, kí ọ̀rọ̀ mìíràn sì máa tẹ̀ lé e láti fi irú rẹ̀ hàn.

Ìdánwò tí àwọn tí ó ṣẹ̀dá eré ń ṣe láàárín ara wọn ni ìdánwò abẹ́lé. Èyí tí wọ́n gbé jáde fún àwọn tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ wọn ni ìdánwò ìta. Bí ó bá jẹ́ ẹni tí wọ́n pè nìkan ni ó lè wọlé, ìdánwò ìta àfìwépè ni. Bí ilẹ̀kùn bá ṣí fún ẹnikẹ́ni, ìdánwò ìta gbogboògbò ni. Irú kan tún wà tí wọ́n ń ṣe fún ọjọ́ díẹ̀ péré, kí wọ́n lè mọ iye ènìyàn tí ẹ̀rọ lè gbà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìdánwò ọ̀pọ̀-èrò ni èyí.

Ó ku ọ̀kan tí ó jọ ìdánwò ṣùgbọ́n tí owó wà nínú rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ a máa ta eré tí kò tíì parí, wọ́n a sì ṣèlérí pé àwọn yóò parí rẹ̀ bí ọjọ́ ti ń lọ. Ìràṣáájú ni orúkọ tí ó bá a mu. Ẹni tí ó ti san owó aṣọ ẹbí kí aṣọ tó dé ti mọ irú ìgbẹ́kẹ̀lé tí ó wà nínú rẹ̀, ó sì ti mọ ewu rẹ̀ pẹ̀lú.

3. Ìdí tí ìdánwò fi ń pẹ́

Ìdí kìíní ni iye ènìyàn. Ènìyàn méjì ni ó ń ta ayò. Ìbáṣepọ̀ kan ṣoṣo ni ó wà láàárín wọn. Bí ènìyàn mẹ́rin bá jókòó ti lúdò, ìbáṣepọ̀ méjì-méjì tí ó wà láàárín wọn jẹ́ 6. Nínú eré PUBG, ènìyàn 100 lè wọ pápá kan náà; bí a bá ṣírò rẹ̀ lọ́nà kan náà, ìbáṣepọ̀ náà di 4,950. Ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wà sí ẹnì kejì rẹ̀, ní ìgbà púpọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Òṣìṣẹ́ ogún kò lè fi ara wọn dán irú èyí wò nínú yàrá kan. Èrò ni ó ń fi àléébù èrò hàn.

Ìdí kejì ni òjóró. Ẹni tí ó bá fẹ́ rẹ́ ẹlòmíràn jẹ nínú eré yóò wá ihò tí àwọn tí ó ṣẹ̀dá rẹ̀ kò rí. A kò lè mọ gbogbo ihò wọ̀nyí títí àwọn olójóró yóò fi dé, wọn kì í sì í dé títí eré yóò fi ní èrò.

Ìdí kẹta ni ọ̀nà jíjìn, èyí ni ó sì kan Ojota jù lọ. Ẹ̀rọ tí ń darí irú eré bẹ́ẹ̀, tí à ń pè ní ẹ̀rọ apèsè, lè wà ní Yúróòpù. Ohun tí ọmọ Ojota bá tẹ̀ lójú fóònù gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀ kí èsì tó padà wá. Ìmọ́lẹ̀ ni ó ń gbé iṣẹ́ náà nínú okùn tí a fi jígí ṣe, tí ó gba abẹ́ òkun kọjá. Ìmọ́lẹ̀ náà a máa rin nǹkan bí 200,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan nínú jígí. Okùn MainOne, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2010 láàárín Pọtogí àti Èkó, gùn tó nǹkan bí 7,000 kìlómítà. Àlọ àti àbọ̀ jẹ́ 14,000. Bí a bá fi 200,000 pín in, ìdá 7 nínú 100 ìṣẹ́jú àáyá kan ni yóò jẹ́. Ìyẹn ni èyí tí ó kéré jù. Òpó fóònù àti àwọn ẹ̀rọ tí ó wà lójú ọ̀nà yóò fi tiwọn kún un. Ó kéré létí, ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀rọ apèsè wà ní ìtòsí rẹ̀ yóò ti gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n kí asọ́lé Ojota tó gbéra. Kò sí ọgbọ́n tí ó lè mú kí ìmọ́lẹ̀ sáré ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àfi kí wọ́n gbé ẹ̀rọ apèsè súnmọ́ tòsí.

Okùn náà lè já pẹ̀lú. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, okùn mẹ́rin, èyíinì ni SAT-3, ACE, WACS àti MainOne, ṣe léṣe ní ìtòsí etíkun Côte d'Ivoire, íntánẹ́ẹ̀tì sì dẹnu kọlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìlú Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, Nàìjíríà pẹ̀lú.

4. Àpẹẹrẹ láti inú ìtàn

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ó pẹ́ bí ó yá, akólòlò yóò pe baba. Ọ̀pọ̀ eré ni ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ọdún 2011 ni wọ́n kọ́kọ́ kéde Fortnite. Oṣù Keje ọdún 2017 ni wọ́n tó fi í sí ìràṣáájú. Ọdún 2020 ni wọ́n tó sọ pé ó kúrò níbẹ̀. DayZ wọ ìràṣáájú ní oṣù Kejìlá ọdún 2013, ó sì lo ọdún márùn-ún gbáko níbẹ̀ kí ó tó jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2018. Star Citizen, tí wọ́n kéde ní ọdún 2012, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì dáwó fún, kò tíì jáde tán títí ọdún 2024 fi parí.

Àwọn tí ó kánjú jáde ni ó fi hàn pé pípẹ́ nìkan kọ́ ni àléébù. Final Fantasy XIV jáde ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2010 láìpé tó. Àbùkù rẹ̀ pọ̀ débi pé ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é ní láti tún un ṣe láti ìpìlẹ̀. Oṣù Kẹjọ ọdún 2013 ni ó tún padà wá. Ọdún mẹ́ta tí wọn kò fẹ́ fi dán an wò ni wọ́n fi tún un ṣe.

Èyí tí ó sún mọ́ àwọn ọ̀dọ́ Èkó jù ni ti bọ́ọ̀lù. Ní ọdún 2021, ilé-iṣẹ́ Konami ti Jàpáànù fẹ́ fi eré tuntun, eFootball, rọ́pò PES tí ó ti di ìlúmọ̀ọ́ká. Wọ́n ṣe ìdánwò kan ní oṣù Kẹfà sí oṣù Keje ọdún náà, láti mọ bí eré yóò ti rìn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Orí PlayStation àti Xbox nìkan ni ìdánwò náà wà. Kò kan àwọn tí fóònù nìkan wà lọ́wọ́ wọn. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án, eré náà jáde. Ojú àwọn agbábọ́ọ̀lù inú rẹ̀ kò jọ ojú ènìyàn, ìrìn wọn kò gún, ẹ̀fẹ̀ sì pọ̀ lórí rẹ̀ káàkiri ayé. Konami tọrọ àforíjì ní gbangba. Ẹ̀dà pípé tí ó yẹ kí ó dé ní oṣù Kọkànlá ni wọ́n sún síwájú. Oṣù Kẹrin ọdún 2022 ni ó tó dé, ti orí fóònù sì dé ní oṣù Kẹfà. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ìdánwò tí a fi wo ẹ̀ka kan kò lè jẹ́rìí fún odindi eré.

5. Ìdádúró méjì tí kò jọ ara wọn

Ọ̀rọ̀ kan tí ó ń da ìjíròrò rú ni ìdádúró. Bí ọ̀dọ́ kan bá sọ pé eré kan ń dádúró, ohun méjì ni ó lè ní lọ́kàn. Ó lè jẹ́ pé ọjọ́ ìgbéjáde ti yẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé ohun tí ó tẹ̀ kò tètè hàn lójú ẹ̀rọ. Ti àkọ́kọ́ wà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́. Ti èkejì wà lọ́wọ́ ọ̀nà jíjìn, okùn àti òpó. Ẹni tí kò bá pín wọn yóò bá ẹni tí kò ṣẹ̀ ẹ́ jà. Ìsúnsíwájú ni ó yẹ fún ti àkọ́kọ́, ìpẹ́dé fún ti èkejì.

Àwọn méjèèjì pàdé ní ibì kan. Bí ilé-iṣẹ́ kò bá dán ìpẹ́dé wò ní ibi tí ó ti pọ̀, ìsúnsíwájú tí ó ṣe kò ṣe ará ibẹ̀ ní àǹfààní kankan.

6. Ta ni ó ń san owó ìdánwò?

Ẹni tí ó bá ń ra tòmátì ní ọjà Máìlì 12 kì í wo orí apẹ̀rẹ̀ nìkan. Ó mọ̀ pé èyí tí ó pọ́n dáradára lè wà lókè, kí èyí tí ó rà sì wà nísàlẹ̀. Ìdánwò tí wọ́n ṣe ní ìlú tí íntánẹ́ẹ̀tì ti yá, tí iná kì í lọ, orí apẹ̀rẹ̀ nìkan ni ó wò. Ojota wà nísàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀ náà.

Bẹ́ẹ̀ ni ìdánwò kì í ṣe ọ̀fẹ́ fún ẹni tí ń ṣe é ní Ojota. Àtúnṣe kọ̀ọ̀kan a máa fi dandan gba dátà, owó ara rẹ̀ ni ó sì fi ń rà á. Ní oṣù Kìíní ọdún 2025, àjọ NCC fọwọ́ sí i pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù fi owó kún owó ìpè àti dátà, kí ó má ju 50 nínú 100 lọ. Èyí mú kí ìdánwò ọdún kan wọ́n ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Nígbà tí ìdánwò bá sì parí, ilé-iṣẹ́ lè pa gbogbo àṣeyọrí tí àwọn adánniwò ti kó jọ rẹ́. Ìparẹ́ ni èyí. Kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ nípa rẹ̀ lọ́jọ́ tí ó bá ṣẹlẹ̀.

Nítorí náà, ìkéde ìdánwò ní èdè Yorùbá yẹ kí ó sọ ohun mẹ́rin: irú ìdánwò tí ó jẹ́, ọjọ́ tí yóò parí, bóyá ìparẹ́ yóò wà, àti ibi tí ẹ̀rọ apèsè wà. Àwọn tí ń ṣẹ̀dá eré ní Èkó pàápàá, irú bíi Maliyo Games tí Hugo Obi dá sílẹ̀ ní ọdún 2012, lè rí ìlò nínú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

7. Àkójọ ọ̀rọ̀

Ìdánwò abẹ́lé: èyí tí àwọn tí ó ṣẹ̀dá eré ń ṣe láàárín ara wọn.
Ìdánwò ìta: èyí tí àwọn ará ìta ń bá wọn ṣe kí eré tó pé.
Ìdánwò ìta àfìwépè: ìdánwò ìta tí ó wà fún ẹni tí a pè nìkan.
Ìdánwò ìta gbogboògbò: ìdánwò ìta tí ẹnikẹ́ni lè wọ̀.
Ìdánwò ọ̀pọ̀-èrò: èyí tí ó ń wádìí iye ènìyàn tí ẹ̀rọ apèsè lè gbà.
Ìràṣáájú: rírà eré nígbà tí kò tíì parí.
Ìgbéjáde: fífi eré tí ó pé lé gbogbo ènìyàn lọ́wọ́.
Ìsúnsíwájú: yíyẹ ọjọ́ ìgbéjáde.
Ìpẹ́dé: àkókò tí ó wà láàárín ohun tí a tẹ̀ àti èsì rẹ̀.
Ìparẹ́: pípa àṣeyọrí adánniwò rẹ́ lẹ́yìn ìdánwò.

8. Àgbálọgbábọ̀

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹni tí wọ́n ní kí ó ní sùúrù mọ ohun tí ó ń ní sùúrù fún. Ọ̀dọ́ tí ó bá mọ̀ pé ìdánwò ìta ni òun wọ̀, tí ó sì mọ̀ pé ìparẹ́ ń bọ̀, lè fi ojú ara rẹ̀ pinnu bóyá dátà òun yẹ kí ó bá a lọ. Ẹni tí ó gbọ́ bẹ́tà, tí ó rò pé èyí tí ó sàn jù ni, kò rí àyè ṣe ìpinnu kankan.