Òórùn abẹ́ síǹkì, kì í ṣe Izal ni yóò lé e

“Oṣù mẹ́rin nìyí tí a kó wọ ilé wa ní Modákẹ́kẹ́. Síǹkì alábọ́ méjì ni púlọ́ńbà ṣe sí ilé ìdáná. Láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni òórùn ti ń jáde níbẹ̀, bí ẹni pé eku kú sínú kábíńẹ́ẹ̀tì. Pákó ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti rin, ó ti ń wú. Púlọ́ńbà ní kí n ra họ́ọ̀sì jágajàga tuntun, èyí tó ṣeé fà gùn. Ọmọ àbúrò mi tó ń kọ́ iṣẹ́ náà ní Ìbàdàn ní bottle trap ni kí n rà. Bàbá àwọn ọmọ ní kí n ṣáà máa da Izal sí i ní alaalẹ́. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀? Ìyá Ìbejì, Modákẹ́kẹ́.”

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìnáwó ilé o. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ẹ fi ìdùnnú lò ó pẹ́. Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ẹ kó ìkòkò kúrò nínú kábíńẹ́ẹ̀tì, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí abẹ́ síǹkì, kí ẹ fi ojú tọ páìpù láti ẹnu síǹkì dé ara ògiri. Bó bá jẹ́ họ́ọ̀sì jágajàga ló lọ tààrà sínú ògiri, tí kò sí ibi tó ti tẹ̀ kọdọrọ kí omi lè dúró sí i, ẹ ti rí ọ̀nà tí òórùn ń gbà wọlé. Soakaway, ihò tí omi ìdọ̀tí ilé ń lọ, ló wà ní òpin páìpù yẹn. Ohun tó bá ń rà níbẹ̀, èéfín rẹ̀ á máa gòkè bọ̀, kò sì sí ohun tó dínà mọ́ ọn.

Omi ló yẹ kó dínà mọ́ ọn. Trap kò ju páìpù tí a tẹ̀ bí ìwọ̀ lọ: ẹ da omi, èyí tó pọ̀ lọ, ìwọ̀nba díẹ̀ ṣẹ́kù sínú ìtẹ̀ náà. Omi díẹ̀ yẹn, bíi 5 sẹ̀ǹtímítà ní gíga, ni afẹ́fẹ́ soakaway kò lè là kọjá. Alexander Cumming, ará Scotland kan tó ń ṣe aago ní Lọ́ńdọ̀nù, ló gba ìwé àṣẹ lórí irú ìtẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ilé ìgbẹ́ ní 1775, ọgbọ́n náà la ṣì ń lò. Izal tí ẹ dà lálẹ́ á ti bá omi lọ kí ẹ tó sùn. Ẹ ó tún máa fi pa àwọn kòkòrò tín-ín-tìn-ín tó ń bá yín jẹ ìdọ̀tí inú soakaway.

Ọmọ àbúrò yín ló sún mọ́ òótọ́ jù, àmọ́ mi ò ní bá a dé òpin ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bottle trap dára fún ibi tí a ti ń fọ ọwọ́, nítorí kò gba àyè. Nílé tí wọ́n ti ń tẹ ẹ̀bà, tí wọ́n ń ro àmàlà, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á kún kíákíá. Gàárì kì í dúró bó ṣe wà. Inú páìpù ló ti ń wú, epo á wá dì mọ́ ọn lára. P-trap, èyí tó tẹ̀ bí ìwọ̀, tí inú rẹ̀ dán ni kí ẹ rà, 1½ íǹṣì. Abọ́ méjèèjì, trap kan ni; ẹ fi páìpù tíì (T) so wọ́n pọ̀ lókè rẹ̀. Bí wọ́n bá fi trap méjì tẹ̀ lé ara wọn lójú páìpù kan, afẹ́fẹ́ á há sáàárín wọn, omi ò sì ní lọ dáadáa.

Kí ẹ tó lọ sọ́jà, ẹ wo ihò ara ògiri. Ibẹ̀ gan-an ni ohun tó ń mú púlọ́ńbà sá sábẹ́ họ́ọ̀sì jágajàga wà. Bíríkìlà ti gbé páìpù jáde lára ògiri kí ẹnikẹ́ni tó mọ irú síǹkì tí ẹ máa rà. Síǹkì tí abọ́ rẹ̀ jìn wá dé, ìsàlẹ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ihò dọ́gba, àyè trap ò sí mọ́. Wọ́n á fa họ́ọ̀sì, họ́ọ̀sì á sọ̀ wálẹ̀ kó tó tún gòkè wọ ògiri, oúnjẹ á máa há sí ojú jágajàga rẹ̀, á sì máa rà síbẹ̀. Ẹnu trap tó ń wọ ògiri gbọ́dọ̀ ga ju ihò náà lọ díẹ̀. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ pe bíríkìlà kó gbẹ́ ògiri, kó sọ ihò náà kalẹ̀. Mo mọ̀ pé ìnáwó ni, ilé sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ, ṣùgbọ́n trap olówó ńlá kò lè mú omi gun òkè. Láti ihò ògiri náà lọ, kí páìpù máa fi bíi 2 sẹ̀ǹtímítà sọ̀ kalẹ̀ ní mítà kọ̀ọ̀kan. Nínú agboolé àtijọ́, kí wọ́n tó mọ àkòdì ni wọ́n ti mọ ibi tí omi òjò àárín rẹ̀ máa gbà jáde lábẹ́ ògiri. Àwa tó ń kọ́ ilé báyìí, táìsì la kọ́kọ́ ń wá kiri ọjà.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ trap. Gọ́ọ̀mù wà fún páìpù inú ògiri. Ẹni tó ṣe síǹkì ilé tèmi lẹ gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ọjọ́ tí egungun ẹja há sí i, ayùn la fi gé e, mo sì ra òmíràn. Ó dùn mí gan-an. Nọ́ọ̀tì ọlọ́wọ́ ni kó wà níbẹ̀, wáṣà rọ́bà inú rẹ̀ kó kọ ẹ̀yìn tó tẹ́ sí nọ́ọ̀tì, kó sì kọ ojú tó ṣe ṣóńṣó síbi tó ń wọ̀. Ọwọ́ la fi ń dè é. Sípánà a máa là á.

Ti pákó tó rin ńkọ́? Ẹ nu gbogbo rẹ̀ gbẹ, ẹ tẹ́ ìwé ìròyìn sí i, kí ẹnikẹ́ni má sì lo síǹkì fún wákàtí kan. Bí ìwé bá rin láìjẹ́ pé ẹ da omi, họ́ọ̀sì tó ń gbé omi bọ̀ láti táǹkì ló ń jò. Ẹ wo rọ́bà ẹnu rẹ̀. Bó bá ti gbó, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Thread tape kò wúlò níbẹ̀. Ibi tí fáàfù ti wọ ògiri ni a ń wé e sí, kó máa yí sí apá ọ̀tún bí ẹ bá kọjú sí ẹnu irin náà. Bí ìwé bá rin kìkì ìgbà tí ẹ bá fọ abọ́, ọ̀nà ìsàlẹ̀ ni, trap tuntun á sì yanjú rẹ̀.

Ẹ máa fi pépà nu epo kúrò lára ìkòkò kí ẹ tó fọ̀ ọ́. Omi tó ń hó, ẹ jẹ́ kó tutù díẹ̀ kí ẹ tó dà á, torí páìpù ike a máa rọ̀ nínú rẹ̀. Bí ẹ bá lọ sí ìrìn àjò pẹ́ nígbà ọyẹ́, omi inú trap lè gbẹ, kí òórùn sì kí yín káàbọ̀. Ife omi méjì tí ẹ bá dà sí i ti tó láti mú un kún padà.

Lọ́jọ́ tí púlọ́ńbà bá parí, kó má tíì lọ. Ẹ dí abọ́ méjèèjì, ẹ da omi kún wọn fọ́fọ́, kí ẹ sì ṣí wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ tẹ́ ìwé ìròyìn tuntun sábẹ́ rẹ̀. Bí ìwé náà bá ṣì gbẹ títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́, ẹ san owó tó kù fún un.