Ìmọ̀ràn Fún Ẹ̀yin Ọmọ Wa Lórí Kókó Inú Ọmú

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀rù ló ń jẹ́ kí ọ̀pọ̀ jókòó sílé, ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀.

1. Bí ọwọ́ yín bá ba kókó nínú ọmú, ẹ má tíì sunkún. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kì í ṣe jẹjẹrẹ. Láàárín ọmọ ọdún 15 sí 35, èyí tó wọ́pọ̀ ni fibroadenoma: ó máa ń dán, bí ẹ bá fi ìka tì í, á yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Òmíràn jẹ́ àpò omi lásán. Ti ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú lè jẹ́ eéwo, tó gbóná tó sì ń ro.

2. Ẹ má fi ìrora díwọ̀n kókó náà. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà: "Kò kúkú dùn mí, màmá, n óò ṣì dúró ná." Jẹjẹrẹ kì í sábà dunni níbẹ̀rẹ̀! Ó máa ń le gbagidi, ó sì lè lẹ̀ mọ́ ara. Bí awọ ọmú bá rí bí èèpo ọsàn, tí orí ọmú ń wọnú, tí ẹ̀jẹ̀ ń kán níbẹ̀, tàbí tí kókó yọ lábíyá, ẹ gbéra lọ sílé ìwòsàn.

3. Ìka nìkan kò lè mọ̀ bóyá jẹjẹrẹ ni, ì báà ṣe ìka dókítà. Wọn yóò ya àwòrán inú ọmú, wọn yóò sì fi abẹ́rẹ́ mú bíńtín nínú kókó náà lọ fún àyẹ̀wò. Ẹni tó bá sọ pé abẹ́rẹ́ yẹn ló ń tú jẹjẹrẹ ká kàn ń dẹ́rù bà yín ni.

4. Ẹ má sọ pé ẹ ṣì kéré. Ìwádìí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Olópàdé, tó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn n'Ìbàdàn kó tó lọ sí Chicago, fi hàn pé jẹjẹrẹ ọmú máa ń tètè mú obìnrin aláwọ̀ dúdú, àti pé irú tó le, tí oògùn họ́mọ̀nù kì í ràn, wọ́pọ̀ láàárín wa ju ti òyìnbó lọ. Bí ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n yín bá ti ní in rí, ẹ sọ fún dókítà. Ti ìdílé bàbá náà ń kà.

5. Ẹ gbàdúrà, èmi náà ń gbà á. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń fi àgbo tọ́jú jẹjẹrẹ fún oṣù mẹ́fà, ó lè ti gba abíyá dé egungun.

6. Ẹ̀yin ọkùnrin, jẹjẹrẹ ọmú lè mú ẹ̀yin náà, bó tilẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Bí ìyàwó yín bá rí kókó, ẹ bá a lọ sílé ìwòsàn lọ́sẹ̀ yẹn.

7. Bó bá jẹ́ jẹjẹrẹ, ẹ béèrè bóyá họ́mọ̀nù ló ń bọ́ ọ, torí èyí ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá oògùn họ́mọ̀nù tí wọ́n ń pè ní tamoxifen yóò ràn án. Ẹ gba èsì náà ní kíkọ, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀. Dókítà mìíràn yóò béèrè rẹ̀.