Ẹ̀KỌ́ KẸJỌ: Igi Àtìlẹ́yìn Inú Gìtá

Ẹ̀yin ọmọ, ta ni kò mọ ohùn gìtá nínú yín? Bí ẹ bá ń ti Òṣòdì lọ sí Ìsọlọ̀, ẹ ó gbọ́ ọ nínú orin jùjú tí ó ń ti inú ṣọ́ọ̀bù jáde. Ebenezer Obey àti King Sunny Adé wà lára àwọn olórin tí wọ́n fi gìtá gbayì ní ilẹ̀ Yorùbá. Gìtá oníná ni wọ́n sábà máa ń lò. Ẹ̀rọ ni ó ń gbé ohùn rẹ̀ sókè. Ṣùgbọ́n oríṣi gìtá mìíràn wà tí kò nílò iná rárá. Bí iná bá lọ ní àdúgbò, yóò ṣì máa dún. Báwo ni ó ṣe ń ṣe é?

Ẹ ti rí ìlù gángan rí. Awọ ni ojú rẹ̀. Bí a bá lù ú, awọ náà á gbọ̀n, á sì dún. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni gìtá rí. Pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni ojú tirẹ̀. Ìnípọn rẹ̀ kò ju nǹkan bíi mílímítà 3 lọ. Bí a bá ta okùn, okùn náà yóò mi pákó, pákó yóò sì mi afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ tí ó ń gbọ̀n yìí ni etí wa ń gbọ́.

Ìṣòro kan wà níbẹ̀. Bí a bá fa okùn onírin mẹ́fà le dáadáa lórí gìtá, agbára tí gbogbo wọn fi ń fà á tó nǹkan bíi ìwọ̀n kìlógíráàmù 70. Bẹ́ẹ̀ sì ni àpò sìmẹ́ǹtì kan kò ju kìlógíráàmù 50 lọ! Pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nìkan kò lè gba irú agbára bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń lẹ àwọn igi tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ abẹ́ rẹ̀ nínú gìtá. Igi àtìlẹ́yìn ni wọ́n. Bí igi òrùlé ṣe gbé páànù ró, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n gbé ojú gìtá ró.

Ẹ jẹ́ kí á sọ pé káfíńtà kan ní Ìsọlọ̀ fẹ́ ṣe gìtá fún ọmọ rẹ̀. Ó ṣe àkọ́kọ́ láìfi igi àtìlẹ́yìn kankan sí i. Gìtá náà dún ròkè fún ọjọ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ tẹ̀ wọnú, ó sì là. Ó ṣe èkejì, ó lẹ igi nínípọn mẹ́wàá mọ́ ọn. Gìtá yìí le bí àpótí ìjókòó, ṣùgbọ́n kò dún ju àpótí ìjókòó lọ. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Nígbà tí ó ṣe ẹ̀kẹta, ó dín iye igi náà kù. Ó ń fi ọ̀bẹ gbẹ́ wọn díẹ̀ díẹ̀, ó ń fi ìka kan ojú gìtá, ó sì ń fetí sílẹ̀.

“Bàbá mi, kí ló dé tí ẹ tún ń gbẹ́ igi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ lẹ̀?” ni ọmọ rẹ̀ bi í.

“Ọmọ mi,” ni ó dáhùn, “mo ń wá ibi tí agbára àti ohùn ti lè jọ gbé.”

Ohun kan náà ni Antonio de Torres (1817–1892) ń wá ní orílẹ̀-èdè Sípéènì. Iṣẹ́ káfíńtà ni òun náà kọ́kọ́ kọ́. Ó gbà pé ojú gìtá ni ohùn ti ń wá jù lọ. Láti fi èyí hàn, ní ọdún 1862, ó fi páálí ṣe ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ gìtá kan, ó sì fi igi gidi ṣe ojú rẹ̀ nìkan. Gìtá páálí náà dún! Torres a máa to igi àtìlẹ́yìn bí abẹ̀bẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, láàárín ọdún 1840 sí 1850, C. F. Martin bẹ̀rẹ̀ sí í lo igi méjì tí wọ́n dábùú ara wọn bí àmì ìsọdipúpọ̀ (×). Ọ̀nà méjèèjì ni àwọn tí ń ṣe gìtá ń lò títí di òní.

Ẹ Dán An Wò

1. Ẹ gé ihò róbótó sí ìdérí páálí bàtà, kí ẹ sì fi dé páálí náà.
2. Ẹ fa rọ́bà mẹ́rin yí i ká, kí wọ́n gba orí ihò kọjá. Ẹ ki pẹ́ńsù bọ abẹ́ wọn, kí ẹ sì ta wọ́n. Ẹ kọ ohun tí ẹ rí àti ohun tí ẹ gbọ́ sílẹ̀.
3. Ẹ lẹ igi sùyà méjì mọ́ abẹ́ ìdérí, kí ẹ tún un ta. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ igi náà di mẹ́fà.

Ẹ má ṣe pààrọ̀ páálí tàbí rọ́bà. Bí ẹ bá yí nǹkan méjì padà lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ kò ní mọ èyí tí ó mú ìyàtọ̀ wá.

Ìbéèrè

1. Kí ni iṣẹ́ igi àtìlẹ́yìn nínú gìtá?
2. Kí ni ó ba gìtá àkọ́kọ́ jẹ́? Kí ni ó ba èkejì jẹ́?
3. Kí ni Torres fẹ́ fi gìtá páálí rẹ̀ hàn?
4. Lo òwe “Àṣejù, baba àṣetẹ́” nínú gbólóhùn tìrẹ.