Ilé Àwọn Mọ́ńkì tí ó Di Ààfin ní Canterbury

Ní ọjọ́ 29 oṣù Júùnù ọdún 1864 ni a ya Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òṣoogùn, sí mímọ́ ní Bíṣọ́ọ̀bù nínú Kàtídírà Canterbury ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn odi ìlú náà, níbi tí kò jìnnà sí Kàtídírà, ni àwókù ilé Augustine Mímọ́ wà. Àlejò tí ó bá dé ibẹ̀ yóò rí ẹnu-ọ̀nà gíga tí ó ṣì dúró ṣinṣin. Nínú ọgbà, àlàpà àti ìpìlẹ̀ ni yóò bá láàárín koríko.

Póòpù Gregory ni ó rán Augustine láti Róòmù, ó sì gúnlẹ̀ sí Kent ní ọdún 597. Bertha, aya Ọba Ethelbert, ti jẹ́ Kristẹni ṣáájú, nítorí náà ọba kò lé àwọn àlejò náà. Ní nǹkan bí ọdún 598 ni a dá ilé àwọn mọ́ńkì sílẹ̀. Ibẹ̀ ni a sì ń sin àwọn ọba Kent àti àwọn Bíṣọ́ọ̀bù àgbà.

Ó lé ní 900 ọdún kí Ọba Henry Kẹjọ, ẹni tí ó ti ya Ìjọ ilẹ̀ rẹ̀ kúrò lábẹ́ Póòpù, tó tú àwọn mọ́ńkì ibẹ̀ ká ní 1538. Ó sọ apá kan ilé náà di ààfin. Anne ará Cleves, ìyàwó rẹ̀ titun, wọ̀ síbẹ̀ ní oṣù Dísẹ́ḿbà 1539.

Ohun tí ó ṣe ilé ìsìn fúnra rẹ̀ kò ṣòro fún ará Òkè-Ìlá ní Adó-Èkìtì láti mọ̀. Òjé ni a fi bo òrùlé rẹ̀. Òjé níye lórí, a sì ká a lọ. Ilé tí a bá ká òrùlé rẹ̀, ìbáà ṣe ti amọ̀, ìbáà ṣe ti òkúta, òjò ni yóò jogún rẹ̀. Ti òkúta kàn pẹ́ díẹ̀ ni. A tilẹ̀ ta àwọn òkúta náà fún àwọn tí ń kọ́lé. Ibojì àwọn ọba kò dá wọn lọ́wọ́ kọ́.

Nígbẹ̀yìn, ọtí ni a ń pọn nínú ọgbà náà. Ní 1844 Beresford Hope rà á, ní 1848 a sì ṣí kọ́lẹ́ẹ̀jì níbẹ̀ fún àwọn tí yóò lọ wàásù ní ilẹ̀ òkèèrè; wọ́n ń kẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ níbẹ̀ ní ọdún tí a ya Crowther sí mímọ́. Lẹ́yìn náà ni a wa ilẹ̀, tí a sì rí ibojì Laurence, Mellitus àti Justus, àwọn tí ó jẹ Bíṣọ́ọ̀bù àgbà tẹ̀lé Augustine. Àlejò lè rí ojú ibẹ̀ dòní.