Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Tó Ń Wú Láìdunni: Ẹlẹ́rìí Mẹ́ta Tí Dókítà Ń Gbọ́



Ọmọdébìnrin kan wà ní ilé kéwú wa tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ òsì ń wú díẹ̀díẹ̀. Kò dùn ún, kò sì gbóná. Àwọn kan ní eyín ni. Wọ́n yọ eyín méjì, wíwú náà kò lọ. Àwọn mìíràn ní ayé ló ń ṣe é. Nígbà tó yá, ó ń fi ìbòrí bo ẹ̀gbẹ́ ojú kan, ó sì ń jókòó sẹ́yìn. Ọdún méjì kọjá kí wọ́n tó gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn dókítà eyín àti àgbọ̀n, tí wọ́n sọ orúkọ àìsàn náà: fibrous dysplasia. Àwa kì í ṣe dókítà, ṣùgbọ́n a béèrè, a sì kà nípa rẹ̀. Ohun tí a rí kọ́ ni ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí.

KÍ NI ÀÌSÀN YÌÍ?

Nínú rẹ̀, ẹran onífọ́nrán àti egungun tí kò gbó ń gba ipò egungun gidi. Ìyípadà kan nínú jíìnì tí à ń pè ní GNAS ló ń fà á, lẹ́yìn tí oyún bá ti dúró. A kì í jogún rẹ̀, kì í ràn, kì í sì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ ayé. Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní èwe, a sì máa rọlẹ̀ lẹ́yìn ìbàlágà. Ó ń mú àgbọ̀n òkè ju ti ìsàlẹ̀ lọ.

ẸLẸ́RÌÍ MẸ́TA

1. Ìtàn àti ọwọ́ dókítà. Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Ṣé ó ń yára dàgbà? Dókítà á tẹ̀ ẹ́ wò: ó máa ń le bí egungun, ó sì sábà máa ń wà ní ẹ̀gbẹ́ kan. Á yẹ ìríran àti ìgbọ́ràn wò, nítorí egungun tó ń wú lè fún ojú àti etí mọ́. Á wo ara bóyá àmì wà níbẹ̀ tó dà bí kọfí tí a bu mílíìkì sí. Bí nǹkan oṣù ọmọbìnrin bá tètè dé jù pẹ̀lú rẹ̀, McCune-Albright ni wọ́n máa fura sí.

2. Àwòrán. Lórí X-ray tàbí CT, ibẹ̀ sábà máa ń rí bíi gíláàsì fèrèsé ilé ìwẹ̀, tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá ṣùgbọ́n tí a kò lè rí òdìkejì kedere. Kò ní ààlà. Ó ń yọ́ wọ inú egungun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

3. Ẹran díẹ̀ tí wọ́n gé fún àyẹ̀wò. Lábẹ́ ẹ̀rọ tó ń sọ ohun kékeré di ńlá, ègé egungun inú rẹ̀ máa ń rí wọ́kuwọ̀ku, bíi lẹ́tà tí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ álífù kọ sára wàláà. Níbi tí àwòrán bá ti hàn kedere tí gígé sì léwu, wọ́n lè fi í sílẹ̀.

ÌDÍ TÍ ẸLẸ́RÌÍ KAN KÒ FI TÓ

Ossifying fibroma lè jọ ọ́ gan-an lábẹ́ ẹ̀rọ náà. Àwòrán ló ń là wọ́n, nítorí pé ossifying fibroma ní ààlà. Ameloblastoma náà ń wú àgbọ̀n láìdunni, ṣùgbọ́n ó ń jẹ egungun, iṣẹ́ abẹ ló sì ń fẹ́. Burkitt lymphoma ń wú ojú ọmọdé láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Jẹjẹrẹ ni, kò sì gbọdọ̀ dúró dọ̀la, nítorí oògùn ń ṣiṣẹ́ fún un bí a bá tètè dé.

Ìtọ́jú wọn kò dọ́gba. Fibrous dysplasia lè jẹ́ èyí tí wọ́n kàn ń ṣọ́, tàbí kí wọ́n gé e tẹ́ẹ́rẹ́ nígbà tí ọmọ bá dàgbà tán. Wọn kì í fi ìtànṣán tó ń pa jẹjẹrẹ tọ́jú rẹ̀, nítorí ìyẹn lè sọ ọ́ di jẹjẹrẹ gan-an.

OHUN TÍ A LÈ ṢE

Bí ojú ẹnìkan bá wú tí kò lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn. Bó bá ń yára wú, tàbí tí ojú rẹ̀ ń ṣú, ẹ lọ lọ́jọ́ náà. Ẹ kó fọ́tò rẹ̀ àtijọ́ dání, kí dókítà lè rí bó ṣe ń dàgbà. Kí wọ́n tó yọ eyín kejì, ẹ béèrè fún àwòrán.

Wọn kò tíì fi ọ̀bẹ kan ojú akẹ́kọ̀ọ́ wa. Wọ́n ń ṣọ́ ọ, wọ́n sì ń yẹ ìríran rẹ̀ wò lọ́dọọdún. Ó ti padà sí ìjókòó iwájú.

ÌBÉÈRÈ

1. Kí ni ìyàtọ̀ àwòrán fibrous dysplasia àti ti ossifying fibroma?
2. Wíwú wo ni kò gbọdọ̀ dúró dọ̀la?
3. Kí ni a ó sọ fún ẹni tó ní ayé ló ń ṣe ọmọ?