Ẹ̀KỌ́ FÚN ÀWỌN ÒJÍṢẸ́ TITUN LÁÀÁRÍN ÀWỌN AKẸ́KỌ̀Ọ́



Kí ẹ tó ka ẹ̀kọ́ yìí, ẹ ṣí Bíbélì yín sí Ìṣe àwọn Aposteli, orí 18, ẹsẹ 24 dé 28. Níbẹ̀ ni a ti rí Apolo ará Aleksandria, tí ó dé Efesu pẹ̀lú ọ̀rọ̀ dídùn lẹ́nu àti ìmọ̀ púpọ̀ nínú Ìwé Mímọ́. Síbẹ̀ baptismu Johanu nìkan ni ó mọ̀. Akuila àti Priskilla aya rẹ̀ gbọ́ ọ nínú sinagogu. Wọn kò dìde láti bá a wí lójú ìjọ, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò fi ojú fo àìpé rẹ̀ nítorí pé ohùn rẹ̀ dára. Wọ́n mú un sọ́dọ̀, wọ́n sì là á yé e. Ẹ ṣàkíyèsí pé apàgọ́ ni tọkọtaya náà, iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni wọ́n ń ṣe jẹun.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n ní Ìlá-Ọ̀ràngún. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga àwọn olùkọ́ ti wà láàárín wa kí a tó dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ ní 1991. Ọdún 3 ni akẹ́kọ̀ọ́ fi ń gba ìwé-ẹ̀rí NCE. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ní ọdún kìn-ín-ní, ó ń wá ibi tí yóò sùn. Ní ọdún kejì ni a sábà fi í ṣe aṣáájú ẹgbẹ́ àwọn Onígbàgbọ́. Nígbà tí yóò bá fi di ọdún kẹta, a ti rán an jáde láti fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò, ó padà, ó ṣe ìdánwò, ó sì lọ. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ bí a ti ń tọ́jú agbo ni ó ń lọ yìí. Nítorí náà ni ẹgbẹ́ náà fi ń tún bẹ̀rẹ̀ lọ́dọọdún, tí wọ́n sì ń ṣe àṣìṣe kan náà. Àwọn tí kì í lọ ni àwa ará ìlú: olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìntì, ìyá ìjọ, katikísì.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ tèmi. Nígbà tí a kọ́kọ́ fi mí sí irú iṣẹ́ yìí, ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tí kì í ṣe ti Ìlá, ọmọ ọdún 21 ni mí. Ọmọbìnrin kan sọ fún mi ní kọ̀rọ̀ pé baba òun ti kọ̀ láti san owó ilé-ẹ̀kọ́ mọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo sọ ọ́ nínú ìpàdé, kí gbogbo wa lè gbàdúrà. Èmi kò dárúkọ rẹ̀; ṣùgbọ́n ta ni kò mọ̀ ọ́n? Kò wá sí ìpàdé mọ́ títí ó fi jáde. Bàbá àgbà kan nínú ìjọ ìtòsí gbọ́, ó sì pè mí wá jẹun. Nígbà tí a jẹun tán, ó bi mí bóyá mo ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ náà. Mo dákẹ́. Ó ní kí n lọ ṣe é, lẹ́yìn náà kí n máa bá òun lọ bẹ àwọn aláìsàn wò ní ọjọ́ Sátidé, kí n má sọ ohunkóhun, kí n sá máa wò. Oṣù márùn-ún ni mo fi tẹ̀lé e. Mo rí i bí ó ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ènìyàn tán, tí aya rẹ̀ pàápàá kì í sì í gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Ajayi Crowther. Ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní Fourah Bay ní 1827, ó sì ti ṣe olùkọ́ fún ọdún púpọ̀, kí ó tó bá J. F. Schön, ará Jámánì, wọ ọkọ̀ gba odò Ọya lọ ní 1841. Nínú ìrìn-àjò náà, tí ibà pa ènìyàn púpọ̀, Schön rí bí ó ti ń ṣiṣẹ́, ó sì jẹ́rìí rẹ̀ fún àwọn CMS pé ó yẹ fún oyè alufaa. Ní 1843 a fi í joyè náà. A máa ń sọ̀rọ̀ oyè bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ti 1864 púpọ̀. Èmi ìbá fẹ́ kí a máa sọ ti Schön náà.

Àwa Ìgbómìnà sì ní ìtàn ògbó tí ó mọ ọ̀nà, èyí tí a sọ pé orúkọ wa ti inú rẹ̀ wá. Baba wa Ọ̀ràngún kọ́ ni ó rọ ògbó náà. A fi lé e lọ́wọ́ ni.

Nítorí náà, kí ìjọ kọ̀ọ̀kan mú aṣáájú titun kan sọ́dọ̀ bí ilé-ẹ̀kọ́ bá ti wọlé. Kí ó máa bá wọn jẹun, kí ó sì máa tẹ̀lé àgbà lọ sí ilé aláìsàn àti ilé ọ̀fọ̀. Kí obìnrin àgbà ni ó mú àwọn ọmọbìnrin. Kí aṣáájú sì ti mú arọ́pò rẹ̀ dé ilé wa kan náà kí a tó rán an lọ dánra wò. Ṣùgbọ́n kí àgbà má ṣe gba ìpàdé mọ́ àwọn ọmọ lọ́wọ́: Akuila kò bọ́ sórí àga Apolo.

Ní ìpàdé àwọn olùkọ́ Ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi tí ń bọ̀, ẹ bi ara yín léèrè: ta ni nínú ìjọ wa ni ó mọ orúkọ ẹni tí ń darí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ lọ́dún yìí, àti ilé tí ó ń gbé?